Àlejò Lójú, Ṣùgbọ́n Kò Fi Ríran: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Mọ́mọ́nì Àdúgbò Wa

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àwọn àgbà ò fi òwe yìí bú àlejò o, wọ́n ń sọ fún un pé kó rọra ni, pé ohun tó ń rí yẹn, kò tíì mọ ìdí ẹ̀. Ohun tó sì jẹ́ kí n gbé e wá lónìí ni pé èèyàn lè jẹ́ àlejò sí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé àdúgbò kan náà. Ní Àkúrẹ́ níbí, ọ̀pọ̀ wa ló ti rí àwọn ọ̀dọ́ Mọ́mọ́nì yẹn, àwọn oníwàásù Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́ Ìkẹyìn, méjì méjì, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, táì lọ́rùn, bàájì dúdú láyà, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn. Ẹ bi àwọn tó jókòó sí ìsọ̀ pé ta nìwọ̀nyí, ẹ máa gbọ́ oríṣiríṣi: oníyàwó púpọ̀ ni wọ́n, ẹgbẹ́ òkùnkùn ni, dọ́là ni wọ́n ń gbà, Joseph Smith, olùdásílẹ̀ ìjọ wọn, ni wọ́n ń sìn dípò Jésù. Ẹ wá bi wọ́n pé ìgbà wo lẹ bá ọ̀kan nínú wọn sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, wọ́n á dákẹ́.

Èmi kì í ṣe ara wọn o. Áńgílíkà ni mí, mi ò sì ní in lọ́kàn láti kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí tá a bá ń purọ́ mọ́ ẹni ẹlẹ́ni, pàápàá tí irọ́ yẹn bá fẹ́ da ìgbéyàwó rú, torí ibẹ̀ ni mo ti máa ń gbọ́ ọ jù. Ọmọbìnrin á mú àfẹ́sọ́nà wálé, wọ́n á gbọ́ pé Mọ́mọ́nì ni, ìyá á káwọ́ lérí pé ilé olórogún lọmọ òun ń lọ yẹn.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó púpọ̀ yìí ò ṣàdédé wáyé ṣá. Joseph Smith tó dá ìjọ yẹn sílẹ̀ ní New York ní 1830, ìyàwó ẹ̀ ju ẹyọ kan lọ dáadáa. Wọ́n pa á sínú ẹ̀wọ̀n ní 1844, Brigham Young ló wá kó wọn lọ sí Utah ní 1847, ìyàwó tiẹ̀ lé ní 50, ní 1852 ni wọ́n sì kéde ẹ̀ fáyé gbọ́ pé báwọn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ìjọba Amẹ́ríkà fún wọn lọ́rùn títí, nígbà tó di 1890 Wilford Woodruff tó jẹ́ olórí wọn nígbà náà kéde pé kí wọ́n dáwọ́ dúró. Àwọn kan kọ̀, wọ́n yapa, títí dòní àwọn tó yapa yẹn ṣì ń fẹ́ ìyàwó púpọ̀, àwọn yẹn sì ni tẹlifíṣọ̀n máa ń gbé síta tá a fi ń rò pé gbogbo wọn náà nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ìyàwó kejì lónìí nínú ìjọ táwọn ọmọ alábáájì yẹn ń wàásù fún, lílé ni wọ́n máa lé e jáde. Kódà baba tó fẹ́ ìyàwó méjì nílànà ìbílẹ̀ wa, tó sanwó orí àwọn méjèèjì, tí ò jí ìyàwó oníyàwó gbé, wọn ò ní ṣèrìbọmi fún un bó bá ṣì ń gbé pẹ̀lú àwọn méjèèjì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níbẹ̀ yẹn díẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Ondo wa yìí, ta ni ò mọ ilé tí ìyá ti ju ọ̀kan lọ? Tí irú baba bẹ́ẹ̀ bá ní òun fẹ́ wọ ìjọ yìí, ìyàwó kejì ńkọ́? Àwọn ọmọ tó bí síbẹ̀ ńkọ́, ojú wo ni wọ́n á fi máa wo ṣọ́ọ̀ṣì tó ní kí baba wọn já ìyá wọn sílẹ̀? Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bá àwọn Mọ́mọ́nì jà lórí ọ̀rọ̀ ìyàwó, lójú tèmi, ibí ni ìjà wà. Ìyá tó ń bẹ̀rù orogún, ẹ̀rù ohun tí kò sí ló ń bà á.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹjọ́ tá a bá wọn dá lórí ẹgbẹ́ òkùnkùn, irú ẹ̀ nìyẹn. Ìsìn ọjọ́ Sunday wọn, ẹni tó bá wù ló lè wọlé, ẹ máa rí wọn tí wọ́n ń fi búrẹ́dì àti omi ṣe oúnjẹ Olúwa, tí wọ́n sì ń gbàdúrà lórúkọ Jésù. Wòlíì ni wọ́n pe Joseph Smith, wọn kì í gbàdúrà sí i. Tẹ́ńpìlì ló ní ààlà tiẹ̀, irú èyí tí Gordon B. Hinckley, olórí ìjọ náà nígbà náà, yà sí mímọ́ ní Aba ní 7 August 2005. Kí wọ́n tó yà á sí mímọ́, wọ́n ṣí i sílẹ̀ fáráàlú láti wọ̀ kiri wò, lẹ́yìn ìgbà náà ló wá di ti ọmọ ìjọ tí bíṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ìyẹn olórí ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò ẹ̀, bá jẹ́rìí sí i. Àwọn kan tún ń fi aṣọ mímọ́ tí wọ́n ń wọ̀ sábẹ́ aṣọ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní ẹbí nínú Sẹ̀lẹ́, ṣebí ẹ mọ bó ṣe máa ń ká wọn lára tí wọ́n bá ń fi sùtánà àti ẹsẹ̀ lásán wọn ṣẹ̀fẹ̀. Ibi tá a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀.

Ti dọ́là yẹn, àwọn ọ̀dọ́ tó ń wàásù kì í gbowó oṣù, àwọn àti ẹbí wọn ló máa ń dáwó sí i bí agbára wọn bá ṣe mọ, bíṣọ́ọ̀bù wọn náà ò gbowó, iṣẹ́ òòjọ́ ẹ̀ ló fi ń jẹun.

Àmọ́ kéèyàn ríran tán kì í ṣe pé kó máa gbóríyìn nìkan. Ohun tó yẹ kó dun ọmọ aláwọ̀ dúdú nínú ìtàn wọn, àwọn ará ìsọ̀ kì í tiẹ̀ mẹ́nu bà á. Nínú ìjọ yìí, ọmọkùnrin tó tó bí ọdún 12 lè gba oyè àlùfáà, kì í ṣe ti ẹni pàtàkì nìkan. Síbẹ̀ láti 1852 títí di June 1978, wọn ò fún ọkùnrin dúdú ní oyè yẹn, bẹ́ẹ̀ ni tọkùnrin tobìnrin dúdú ò lè ṣègbéyàwó nínú tẹ́ńpìlì. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn ará Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà ń kọ lẹ́tà sí wọn pé ẹ wá o, ọ̀rọ̀ ìlànà yìí wá jáde nínú ìwé ìròyìn ibẹ̀ ní 1963, ìjọba wa ò sì fún àwọn oníwàásù wọn ní físà. Lẹ́yìn tí ìlànà yẹn yí padà ni wọ́n ṣèrìbọmi fún Anthony Obinna, ọ̀kan nínú àwọn tó ti ń dúró dè wọ́n, ní Ímò, 21 November 1978. Ní 2013 ìjọ náà kọ ọ́ síta pé àwọn kò fara mọ́ àwọn àlàyé tí wọ́n ń ṣe fún ìlànà yẹn tẹ́lẹ̀ mọ́. Lójú tèmi, ìyẹn ò tíì tó. Ẹ bi ọ̀rẹ́ yín tó jẹ́ Mọ́mọ́nì bó ṣe rí lára ẹ̀, ó lè pẹ́ kó tó dáhùn, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Lórí ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ náà, ìyàtọ̀ gidi wà, mi ò ní bò ó. Wọ́n ní Baba ní ara tó ṣeé fọwọ́ kàn, pé òun àti Ọmọ wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìdí nìyẹn tí olú ìjọ Kátólíìkì ní Róòmù fi sọ ní 2001 pé ìrìbọmi wọn kì í ṣe ìrìbọmi Kristẹni. Èmi náà ò gba ẹ̀kọ́ yẹn gbọ́.

Torí náà ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín mú Mọ́mọ́nì wálé, ẹ fi ti orogún sílẹ̀, ẹ béèrè èyí tó máa kàn yín. Ọtí ò sí nínú tiwọn, títí kan ẹmu, bẹ́ẹ̀ ni kọfí àti Lípítọ́nì, kẹ́ ẹ tó kó páálí bíà sílẹ̀ fún ìdána, ẹ bá àwọn àna yín sọ ọ́. Tí wọ́n bá so wọ́n pọ̀ nínú tẹ́ńpìlì, ẹ̀yin tẹ́ ò sí nínú ìjọ ò ní wọlé wò ó, ìyẹn sì lè dun ìyá gan-an. Ṣùgbọ́n láti May 2019, ìjọ náà ti gbà kí tọkọtaya ṣe ìgbéyàwó ní gbangba kí wọ́n tó lọ tẹ́ńpìlì, láìdúró fọ́dún kan mọ́. Kí wọ́n ṣe é ní Àkúrẹ́ níbí, níṣojú gbogbo ẹbí, kí baba fọwọ́ ara ẹ̀ fa ọmọ ẹ̀ lé ọkọ lọ́wọ́, kí wọ́n tó wá mú ọ̀nà tẹ́ńpìlì pọ̀n. Ẹ jẹ́ kí àwọn àna yín ṣèlérí ìyẹn lójú ẹlẹ́rìí kẹ́ ẹ tó mú ọjọ́.