Ẹ rántí àwa tá a ṣọdún lábúlé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ ọ́ pé oṣù Kejìlá ti di oṣù sinimá, tí àwọn onífíìmù ń kó eré jáde, òótọ́ lẹ sọ. A Tribe Called Judah tí Funke Akindele gbé jáde ní December 2023 ni fíìmù Nollywood àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá. Àwa tá a lọ ṣọdún lábúlé ńkọ́? Africa Magic Yorùbá orí tẹlifíṣọ̀n la gbájú mọ́, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, màámi ń bú ìyàwó burúkú inú eré bí ẹni pé ó ń gbọ́. Ibi tí àṣírí ìyàwó náà ti fẹ́ tú gan-an ni epo tán! Ẹ̀yin onífíìmù, ẹ má kó gbogbo eré jáde lẹ́ẹ̀kan náà mọ́ o. Tíkẹ́ẹ̀tì mélòó lolọ́mọ mẹ́ta fẹ́ rà, ká má tíì sọ ti gúgúrú? Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ de Ọdún Àjíǹde.