Ẹ́sítírà táyà wa dà?

Ta ló tiẹ̀ sọ fáwọn tó ń ṣe ọkọ̀ pé a ò nílò ẹ́sítírà táyà mọ́? Kí olúwarẹ̀ jáde ká rí i!

Ó tún ti ṣẹlẹ̀ lọ́nà Ìtóìkín, láàárín Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú ní Èkó. Ọkọ̀ ń bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́, ẹja ọjà Olúwo kún búùtù bámú. Ó já sí gálọ́ọ̀pù, gbàù! Ẹ̀gbẹ́ táyà iwájú ya pẹ̀rẹ̀. Fọkanáísà dé, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ gbé ẹ́sítírà wá." Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ apẹ̀rẹ̀ ẹja kalẹ̀, omi ẹja ń ro sí i lẹ́sẹ̀. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì, ó ṣí pákó abẹ́ rẹ̀. Fóòmù dúdú ló bá níbẹ̀! Wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀, wọ́n ki ìgò oògùn tó ń dí ihò táyà àti ẹ̀rọ ìfẹ́táyà kékeré kan bọ̀ ọ́. Déètì ara ìgò sì ti kọjá tipẹ́.

Kó tiẹ̀ wá jẹ́ tuntun, kí ló fẹ́ ṣe? Ihò ìṣó lójú táyà ni oògùn yẹn wà fún, èyí tí kò fẹ̀ ju mílímítà 4 sí 6 lọ. Ẹ ó so rọ́bà rẹ̀ mọ́ fáàfù, ẹ ó ki wáyà bọ ihò tí wọ́n fi ń tan sìgá, yóò tú oògùn sínú táyà, yóò sì fẹ́ ẹ. Ẹ ó wà á díẹ̀ kó lè kárí, ẹ ó dúró tún gẹ́ẹ̀jì wò, ẹ ò sì gbọdọ̀ sáré ju kìlómítà 80 ní wákàtí kan lọ. Ẹ̀gbẹ́ tó ya ńkọ́? Ẹ da ìgò mẹ́wàá sí i, ilẹ̀ ni yóò mu ún. Fọkanáísà tó bá sì tú táyà tó ti mu oògùn yẹn, èpè ni yóò máa fi nu rímù.

Ṣé táyà gan-an ni wọ́n ń pe nǹkan ọ̀hún? 235/40 R18! Ìyẹn ni pé ó fẹ̀ ní mílímítà 235, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 40 nínú 100 fífẹ̀ yẹn, rímù rẹ̀ sì jẹ́ íńṣì 18. Rọ́bà mílímítà 94 péré ló wà láàárín rímù àti kòtò. 195/65 R15 tá a mọ̀ ní bíi 127. Ìka méjì ni wọ́n gé kúrò, wọ́n ní oge ni. Wọ́n tún ní ẹ́sítírà wúwo, ó ń jẹ epo. Gíláàsì orí òrùlé àti mọ́tò tó ń ti búùtù ńkọ́, ṣé owú ni?

Ọkọ̀ kan náà tún ń bá dírẹ́bà du sítíárìn! Ẹ̀rọ kan wà nínú rẹ̀ tó ń fi kámẹ́rà wo ìlà ojú títì. Ẹ yà fún kòtò láìtan tíráfíkétọ̀, ó ní ẹ ti kúrò lójú ìlà, ó fà yín padà. Ìlà wo, lọ́nà Ìtóìkín? Ojú ibi tí wọ́n ti fi ọ̀dà dúdú lẹ títì ni kámẹ́rà rí, ó ní ìlà ni. Àbí òun ló tiẹ̀ fa ọkọ̀ yìí sínú gálọ́ọ̀pù? Kẹ́ ẹ pa á báyìí, inú sìkírìnì ló wà, ẹ tẹ ibí, ẹ tẹ ọ̀hún. Ìka tómi ẹja bá sì wà lára rẹ̀, sìkírìnì ò mọ̀ ọ́n.

Fọkanáísà ò ní táyà 18 tó fẹjú bẹ́ẹ̀. Ó di Ìkòròdú.

Ẹ dá ẹ́sítírà wa padà! Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kẹ́ni tó ya àwòrán ọkọ̀ yìí kí wọ́n tó ṣe é bọ́ sílẹ̀ ní Ìtóìkín, kó gbé rímù rù dé Ìkòròdú, kó sì fẹsẹ̀ rìn padà. Kó yáa tètè, ẹja ti ń rùn.