Ọba Mẹ́wàá, Ìgbà Mẹ́wàá

Ìgbà tí ọba tuntun bá gorí ìtẹ́ la sábà máa ń pa òwe yìí, ká lè fi gba ará ìlú níyànjú pé kí wọ́n fara mọ́ ohun tó yí padà. Lójú tèmi, ọba tó ti pẹ́ lórí ìtẹ́ gan-an ló yẹ kó tẹ́tí sí i. Ọba mẹ́wàá ló ni ìgbà mẹ́wàá. Òwe ò sọ pé ọba kan ni yóò lo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tán.

Ẹ wo Issa Hayatou, ọmọ Garoua ní Kamẹrúùnù. Sárésáré ni tẹ́lẹ̀, ó gbégbá orókè lórílẹ̀-èdè rẹ̀ nínú ìje 400 àti 800 mítà. Ní 1988 ló di ààrẹ CAF, àjọ tó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù ní Áfíríkà. Ó ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Orílẹ̀-èdè 2 péré ni Áfíríkà ń kó lọ sí Ife Àgbáyé nígbà náà. Ní 1998, wọ́n ti di 5. Ní 2002 ó bá Sepp Blatter, tó wà lórí àlééfà nígbà náà, du ipò ààrẹ FIFA, àjọ tó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù lágbàáyé. Ìbò 139 sí 56 ni Blatter fi borí rẹ̀, àmọ́ ó gbójú láti jáde.

Ibi tó ti wọ́ rèé. Òfin CAF ò fẹ́ kí ẹni tó ti pé 70 ọdún wà nípò. Bí ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe ń sún mọ́ ọn, ìpàdé CAF ní Káírò fagi lé òfin náà ní oṣù kẹrin 2015. Ẹni tó ti sá 400 mítà rí mọ̀ pé ilà òpin kì í sún fún ẹnikẹ́ni. Tirẹ̀, wọ́n pa á rẹ́.

Ní ọjọ́ 16, oṣù kẹta 2017, wọ́n dìbò ní Addis Ababa. Ahmad Ahmad ti Madagascar ní 34, Hayatou ní 20. Ọdún 29 parí sínú àpótí ìbò kan. Káírò sí Addis Ababa ò ju ọdún méjì lọ, àwọn àjọ orílẹ̀-èdè kan náà ló sì ń dìbò. Ẹ̀yin alága ẹgbẹ́, ẹ má fi àtẹ́wọ́ òní díwọ̀n ìfẹ́ ọ̀la. Ẹ kọ́ ẹni tí yóò gba ipò yín nígbà tí wọ́n ṣì ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ dúró.

Paris ni Hayatou kú sí ní ọjọ́ 8, oṣù kẹjọ 2024, ó ku ọ̀la kó pé ẹni ọdún 78. Ó máa ń dùn mí pé kò fẹ̀yìn tì ní 2010, ọdún tí South Africa gba àlejò Ife Àgbáyé, tí orílẹ̀-èdè 6 láti Áfíríkà sì gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Bí ọmọdé bá bi mí léèrè ẹni tó ń jẹ́ Hayatou, ibẹ̀ ni mo máa ń ti bẹ̀rẹ̀.