Ẹ Bá Wa Kí Àwọn Agbérin Under-G

Tí ẹ bá gba Under-G kọjá nírọ̀lẹ́, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, tí ẹ gbọ́ tí ẹnì kan ń ké bí ewúrẹ́ tó ń rọbí, ẹ má wulẹ̀ sáré wá agbẹ̀bí. Ọmọkùnrin kan ló ń ti irin sókè orí.

Àṣà tó gbòde nìyẹn. Irin gbọ́dọ̀ kọjá orí, fóònù gbọ́dọ̀ wà níwájú, síńgílẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ya dé ìhà. Ẹni tí kò rówó jímù san a rọ kọnkéré sínú agolo ọ̀dà méjì, a ki páìpù bọ àárín wọn. Kò burú. Àmọ́ agolo kan sábà máa ń wúwo ju èkejì lọ. Ọ̀gbẹ́ni á tẹ̀ sí apá kan, á ní ìdúró akọni nìyẹn.

Ẹ tún wo bó ṣe ń tì í. Páìpù ò tíì kọjá iwájú orí tí ikùn ti yọ síwájú, tí ẹ̀yìn ti tẹ̀ kọrọdọ, tí ojú ń wo sánmà. Èjìká tó ní òun ń kọ́ ò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ ọ̀hún. A ò sì lè bú u jù, torí àwọn ọ̀gá àgbáyé ṣe é rí. Irú ìgbérin yìí wà nínú ìdíje Òlíḿpíìkì títí di ọdún 1972 ní Munich. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n yọ ọ́: àwọn agbérin ń tẹ̀ sẹ́yìn débi pé ìdájọ́ rú adájọ́ lójú. Ká ní wọn ò yọ ọ́ ni, àmì ẹ̀yẹ wúrà mélòó ni ì bá ti wọ Ògbómọ̀ṣọ́!

Apá kì í dá gòkè. Eegun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn èjìká gbọ́dọ̀ yí bá a lọ. Nínú nǹkan bíi 180 dígírì tí apá ń rìn kó tó nà ṣánṣán, bí 60 jẹ́ ti eegun yẹn. Ẹni tó tẹ orí ba fóònù látàárọ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbun, á wá pàṣẹ fún un nírọ̀lẹ́ pé kó yí. Kò ní yí. Á wá fi ipá mú un, ìyà á sì jẹ àwọn iṣan kéékèèké mẹ́rin tó di orí eegun apá mú sí àyè rẹ̀.

Ẹ ní kó fi igi ìgbálẹ̀ gbáradì ná, á ní ta ló fẹ́ wo fọ́tò igi ìgbálẹ̀? Irin òfìfo jímù, kílò 20, ìtìjú ni. Àwọn kan tiẹ̀ ń ti tiwọn láti ẹ̀yìn ọrùn, àwọn tí ọwọ́ wọn ò dé ẹ̀yìn láti họ ara! Tílẹ̀ bá mọ́, tí apá ò gbé búbá wọ̀ mọ́, wọ́n á ní àwọn sùn lé e ni. Màmá á wá òrí, á máa fi ra á.

Mo ní kí ọ̀kan nínú wọn fẹ̀yìn ti ògiri mi, kí ẹ̀yìn má kúrò níbẹ̀, kó gbé ọwọ́ òfìfo méjèèjì sókè kí àtàǹpàkò fi kan ògiri. Ọwọ́ dé ọ̀gangan ojú, ó há. Ó tún un ṣe, ẹ̀yìn yọ. Ló bá yíjú padà, ó wo ògiri náà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, bíríkìlà ti jẹ owó yín. Ògiri yìí wọ́."