Èèwọ̀ Ni Mo Pè É

Lánàá ni mo ka ọ̀rọ̀ kan lórí Facebook tí n kò tíì lè gbé mì títí di àsìkò yìí. Ẹni tó kọ ọ́ ní ìyàwó tó bá gbé kúlà oúnjẹ tirẹ̀ lọ sí ilé ọkọ lọ́jọ́ Kérésìmesì, ìyá rẹ̀ ni kò kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ó kín in lẹ́yìn, àwọn mìíràn nínú wọn sì jẹ́ obìnrin bíi tèmi. Èmi gan-an ni obìnrin tí wọ́n ń bá wí yẹn. Mo ti gbé kúlà lọ rí, mo sì mọ ohun tó mú kí n gbé e.

Ohun mẹ́rin ni ara mi kì í gbà: mílíìkì, fulawa, àlùbọ́sà àti ẹ̀wà. Ẹ fi ojú inú wo tábìlì ọdún ní ilẹ̀ Yorùbá, kí ẹ sì kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò lórí rẹ̀. Mọ́ínmọ́ín ti kúrò níbẹ̀, kéèkì, chin-chin àti puff-puff tẹ̀ lé e, sàláàdì tí wọ́n da ẹ̀wà inú agolo sí náà kò gbẹ́yìn, ìrẹsì jollof tó sì yẹ kó ṣẹ́kù fún mi, àlùbọ́sà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ọbẹ̀ rẹ̀, wọ́n á sì tún gé òmíràn lé e lórí nígbà tó bá jinná tán. Ọdún mẹ́fà ni inú fi run mí kí dókítà kan tó jókòó tì mí, tó ní kí n máa kọ gbogbo ohun tí mo bá jẹ sílẹ̀, tó sì wá ṣàlàyé fún mi pé oríṣi ṣúgà kan wà nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí tí kì í dà nínú ìfun kékeré, tí yóò ṣàn dé ìfun ńlá, níbi tí àwọn kòkòrò àìfojúrí ti ń sọ ọ́ di gáàsì, tí omi yóò sì máa ya wọ ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀ ọ́n lára. Ìfun tèmi máa ń mọ̀ ọ́n lára gidigidi. Kì í pa mí, mo sì mọ̀ pé àwọn kan wà tí ẹ̀pà díẹ̀ lè gba èémí lẹ́nu wọn, ọ̀rọ̀ tiwọn le ju tèmi lọ.

Kérésìmesì ọdún 2022 ni mo kọ́kọ́ mọ ohun tí ìtìjú lè ná ènìyàn. Ilé ìyá ọkọ mi ní Ìjẹ̀bú-Òde ni a ti ṣe ọdún náà. Láti aago mẹ́rin ìdájí ni Màmá ti jí, tí wọ́n ti ń pọ́n mọ́ínmọ́ín sínú ewé eéran, nígbà tí wọ́n sì gbé e síwájú mi, wọ́n ní, “Ìyàwó mi, tìrẹ rèé, odidi ẹyin méjì ni mo fi sínú rẹ̀.” Ta ni yóò wo ojú wọn tí yóò sọ pé òun kì í jẹ ẹ́? Mo jẹ ẹ́ tán, mo sì jẹ ìrẹsì lé e. Nígbà tí a ń padà sí Ìbàdàn ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkọ mi dúró fún mi lójú ọ̀nà, ẹ̀ẹ̀kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀bá igbó, nítorí pé ilé epo tó kàn ṣì jìnnà. Àwọn ọmọ mi wà nínú ọkọ̀, wọ́n ń gbọ́ bí mo ṣe ń kérora. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni n kò fi lè nà ró dáadáa.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, mo gbé kúlà. Iṣu sísè ni ó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọbẹ̀ ata tí mo fi òróró tí mo ti din àlùbọ́sà nínú rẹ̀ sè, nítorí pé omi ni ṣúgà tó ń dà mí láàmú nínú àlùbọ́sà máa ń yọ́ sí, kì í yọ́ sínú òróró. Bí mo bá ti din ín tán, tí mo sì ṣa gbogbo rẹ̀ dànù, òórùn àti adùn rẹ̀ yóò ṣẹ́kù fún mi láìsí ìrora. Ó pẹ́ kí n tó mọ ọgbọ́n yìí, inú mi sì dùn sí i, mo rò pé ẹni tó bá tọ́ ọ wò yóò yìn mí. N kò tíì ṣí ìdérí rẹ̀ tán tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fi bú sẹ́rìn-ín, tí wọ́n ní àìsàn òyìnbó ni mo kó wọ ilé àwọn. Màmá kò sọ ohunkóhun. Wọ́n kàn gbé àwo mọ́ínmọ́ín tí wọ́n ti gbé síwájú mi, wọ́n da nǹkan bò ó, wọ́n sì gbé e padà sí ilé ìdáná fúnra wọn. Ẹ̀yìn wọn tí mo ń wò bí wọ́n ṣe ń lọ yẹn dùn mí ju inú rírun lọ.

Kí ẹni tó bá tún fẹ́ sọ pé àìsàn òyìnbó ni kọ́kọ́ mọ̀ pé, ní ti mílíìkì, òdìkejì rẹ̀ ni òtítọ́. Èròjà tí ń fọ́ ṣúgà inú wàrà ọmú máa ń wà lára ọmọ ọwọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a bá ti já ọmọ lẹ́nu ọmú, èròjà náà a máa dín kù, débi pé nínú àgbàlagbà mẹ́ta lágbàáyé, kò ní í tó mọ́ lára nǹkan bíi méjì. Àwọn ará àríwá Yúróòpù, àti àwọn darandaran bíi Fúlàní, wà lára àwọn tí tiwọn kì í sábà dín kù, nítorí pé ó ti tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún tí àwọn baba ńlá wọn ti ń mu wàrà màlúù. Iṣu ni baba ńlá tiwa ń gbìn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni inú wọn ń kùn títí di ọ̀sán lẹ́yìn tíì alámílíìkì, tí wọ́n á sì sọ pé jẹ̀díjẹ̀dí ni.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé àwa Yorùbá ti mọ̀ tipẹ́ pé ènìyàn lè má jẹ nǹkan. Ta ni ó ń fi ẹmu lọ olórìṣà Ọbàtálá, tí yóò sì bínú nígbà tó bá kọ̀ ọ́? Àwọn oníṢàngó kì í jẹ ẹ̀wà sèsé, kò sì sí ẹni tó pe ìyẹn ní àìsàn. Mùsùlùmí kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ará Sẹ̀lẹ́ kì í jẹ ẹ́, ẹni tó ń dáná ọdún yóò sì ya ìkòkò tiwọn sọ́tọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́. Bí mo bá ní baba ńlá mi ni ó kọ̀ ọ́, gbogbo ilé á dákẹ́. Bí mo bá ní ìfun mi ni ó kọ̀ ọ́, ìgbéraga ni. Ṣé òkú ọ̀run ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́rìí kí a tó gba alààyè gbọ́ pé nǹkan ń dùn ún?

Nítorí náà, ní Kérésìmesì tó kọjá, mo purọ́. Mo kúnlẹ̀ níwájú Màmá ní ilé ìdáná, mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, èèwọ̀ ni ẹ̀wà àti àlùbọ́sà ní ìdílé wa, ojú ló ń tì mí láti sọ ọ́.” Bí mo ṣe pè é ní èèwọ̀ báyìí, ojú wọn yí padà. Wọ́n bi mí pé ṣé ti ìdílé bàbá mi ni tàbí ti ìyá mi, mo ní ti bàbá mi ni. “Há! Èmi ni mo wá ń fi èèwọ̀ bọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti ọjọ́ yìí! Kí Olúwa dárí jì mí.” Ìyá Ìjọ ni wọ́n, síbẹ̀ wọn kò bi mí ní ìbéèrè kankan mọ́. Wọ́n fi ọṣẹ fọ ìkòkò kan lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n rán ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, àwọn yẹn náà, ní iṣu, wọ́n sì lọ rà á láìjanpata. Màmá gún iyán fún mi, wọ́n fi irú, edé àti adìẹ ìbílẹ̀ se ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí kò ní àlùbọ́sà nínú rárá, àwa méjèèjì sì jọ jẹ ẹ́ nínú àwo kan. Ọdún kẹsàn-án ìgbéyàwó mi nìyẹn, òun sì ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo jẹun ọdún nílé ọkọ mi láìbẹ̀rù ohun tí alẹ́ yóò mú wá.

Ní àsìkò Àjíǹde, àwọn ọmọ mi lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ ìyá bàbá wọn. Nígbà tí wọ́n dé, àbígbẹ̀yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́fà tó fẹ́ràn mọ́ínmọ́ín ju ẹran lọ, bi mí bóyá òótọ́ ni pé bí òun bá jẹ ẹ̀wà, baba ńlá òun yóò bínú sí òun. Màmá kò fún wọn jẹ rárá. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ìyá náà ń ṣàn lára ọmọ, àti pé kì í ṣe nílé àwọn ni wọn yóò ti rú èèwọ̀. Bàbá mi, tí mo fi orúkọ ìdílé wọn purọ́, ẹ̀wà àti dòdò ni wọ́n ń jẹ ní alẹ́ Sátidé láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú.

Mo ti sọ fún ọmọ mi pé kò rí bẹ́ẹ̀. N kò tíì sọ fún Màmá. Bí mo bá jẹ́wọ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yóò ní òun ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kò sí ohun tó ń ṣe mí, a jẹ́ pé ọwọ́ ara mi ni mo fi ba ẹ̀rí mi jẹ́. Bí mo bá sì dákẹ́, ọmọ mi ni yóò máa fi ojú wo àwo mọ́ínmọ́ín nílé bàbá rẹ̀. Kí n tó ka ọ̀rọ̀ ẹni yẹn lánàá ni Màmá ti pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní àwọn ti ra ìkòkò tuntun fún mi, tí ẹ̀wà kò tíì kan ara rẹ̀ rí, pé kí n fi ọkàn balẹ̀, kí n má wulẹ̀ gbé ohunkóhun bọ̀.