Ẹ yéé fi orúnkún Embiid ṣèlérí fún wa

Ẹ̀yin èèyàn, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Gbogbo ìgbà tí playoff NBA, ìpele àṣekágbá basketball Amẹ́ríkà, bá ti dé, nǹkan kan náà làwọn fáànù Philadelphia máa ń wí: ẹ jẹ́ kí Embiid, sẹ́ńtà wa, padà dé ná, ẹ máa rí i, series (ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ géèmù mẹ́rin ló yege) á yí. Á yí báwo? Ṣé ẹni tó ń tiro ló máa yí i?

Ṣé ẹ rántí 2022? Philly, ìyẹn Philadelphia, ti na Toronto bolẹ̀ ní Game 6, póìǹtì tó lé ní 20 ni wọ́n fi wà níwájú, géèmù ti parí, kóòṣì ṣì fi sẹ́ńtà ẹ̀ sílẹ̀ nínú kóòtù, ibẹ̀ ni ìgbọ̀nwọ́ Siakam ti Toronto ti bà á lójú, eegun ojú fọ́. Kí ló ṣì ń ṣe níbẹ̀? Inú ń bí mi títí dòní! Series tó kàn, Miami wá jẹ Game 1 àti 2 láìsí Embiid, ó fi ìbòjú wọlé fún Game 3, iṣan àtàǹpàkò ẹ̀ náà ti já, síbẹ̀ Philly jẹ méjì, ariwo sọ, gbogbo yín ní ó ti bọ́ sí i, Miami jẹ méjì tó tẹ̀ lé e, ó parí. Géèmù méjì ló yí. Series ò yí.

2024 ńkọ́? Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lórúnkún ní February, Bell's palsy, àìsàn tó ń mú kí apá kan ojú rọ, tún mú un, ojú kan ò pa dé dáadáa, ó sì ju póìǹtì 50 sínú àwọ̀n Knicks ti New York ní Game 3. Àádọ́ta o! Knicks ṣì lé wọn lọ ní géèmù mẹ́fà, torí ẹni tí orúnkún ń dùn ò lè máa fò, kó máa sáré padà wá dí ilé, pick-and-roll (ẹnì kan á dínà, ẹni tó di bọ́ọ̀lù mú á gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá) ni wọ́n á fi máa wọ́ ọ jáde títí á fi rẹ̀ ẹ́.

Ẹ má sì dárúkọ Willis Reed, sẹ́ńtà Knicks tó fi ẹsẹ̀ tó ṣèṣe wọlé ní géèmù àṣekágbá, fún mi mọ́. 1970 yẹn, póìǹtì 4 péré ló jẹ ní Game 7, Frazier, ọmọ tíìmù ẹ̀, ló jẹ 36 pẹ̀lú assist 19!

Èyí tó wá ń bí mi jù ni "questionable" (kò dájú pé á gbá) tí wọ́n máa ń kọ síwájú orúkọ Embiid títí géèmù á fi kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀. Àwa tá à ń wò ó láti Naija lóru, dátà ń jó, oorun ń kun wa, a ò mọ̀ bóyá ká sùn. Àwọn kan á tún máa bú u pé ọ̀lẹ ni. Ọ̀lẹ kẹ̀! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe tíìmù yẹn ni kẹ́ ẹ bú, ẹ ní kí wọ́n wá sẹ́ńtà kejì tó gbóná, kí wọ́n jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkùnrin yẹn jinná.