Ọjà Tó Kún Ni Wọ́n Tì Pa: Èrò Ọkàn Mi Lórí Ọjà Kérésì Lincoln

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí kó kúrò nínú mi, torí láti àná ló ti ń jẹ mí lọ́kàn.

Bọ̀dá kan nínú gúrúùpù WhatsApp ẹbí wa ló gbé fọ́tò ọjà Kérésì Lincoln, ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀, fọ́tò ti tẹ́lẹ̀, níbi tí èrò ti kún bámú láti ẹnu ọ̀nà odi ọba títí dé iwájú kàtídírà. Wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ wo bí òyìnbó ṣe ń ronú. Wọ́n rí i pé èrò ti ń pọ̀ jù, wọ́n fagi lé ọjà kí ẹnikẹ́ni tó kú síbẹ̀. Tiwa ńkọ́?" Ni gbogbo ẹbí bá ń pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan ní òyìnbó gbọ́n. Òmíràn ní Ọlọ́run ló máa gbà wá ní Nàìjíríà.

Mi ò fèsì níbẹ̀. Àgbà ni wọ́n, n kò sì fẹ́ kó di pé mo ń bá wọn jiyàn lójú gbogbo ẹbí. Ṣùgbọ́n ojú ewé tèmi rèé. Lincoln ni mò ń gbé. Mo ná ọjà yẹn lọ́dún tí wọ́n ná an kẹ́yìn, mo sì wà nílùú nígbà tí wọ́n tì í. Ohun tí wọ́n ṣe yẹn kì í ṣe ètò. Ẹni tó bá ṣètò á jẹ́ kí ọjà máa tà kí èèyàn sì padà sílé láyọ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá mi dé Lincoln mọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Orí òkè ni ìlú àtijọ́ wà. Odi tí Ọba Wìllíàmù Aṣẹ́gun kọ́ lọ́dún 1068 wà lápá kan, kàtídírà dojú kọ ọ́ lápá kejì, gbàgede kan sì wà láàrin wọn. Ibẹ̀ ni ọjà ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1982. Àwọn ará Lincoln lọ sí Neustadt an der Weinstraße, ìlú Jámánì tí ìlú wọn bá dọ́rẹ̀ẹ́, wọ́n rí bí wọ́n ṣe ń ná ọjà Kérésì níbẹ̀, wọ́n sì gbé e wálé. Ìsọ̀ 11 péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ó di ogójì ọdún, ọjà náà ti gba inú odi, ó ti gba ojúde kàtídírà, ó ti gba Bailgate, òpópónà tó wà nítòsí wọn.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ara mi balẹ̀ lọ́nà tí kò tíì balẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dé ìlú ọba. Ẹni tó bá mọ Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ á mọ ohun tí mò ń sọ: ààfin rèé, ọjà rèé lójúde rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé ibi tí ọba bá wà ni ọjà ń wà. Ní ìlú tí gbogbo nǹkan jẹ́ ilé ìtajà onígíláàsì, tí o ń san owó fún ẹ̀rọ tí kò lè dá ẹ lóhùn, mo rí ọjà tí èèyàn ti ń pe èèyàn wá rajà. Ìdí nìyẹn tí inú fi bí mi tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Sátidé ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 2022.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá láti Lọ́ńdọ̀nù, àwọn àti ọmọ wọn obìnrin tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Ìsàlẹ̀ ìlú la ti gbéra, a gba Steep Hill. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gùn ún, ẹ ò nílò àlàyé: tó o bá rin mítà méje, o ti gòkè ní mítà kan, òkúta ni wọ́n sì tẹ́ sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì tutù lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n ń bi mí pé ṣé ibi tí mò ń mú àwọn lọ yìí, ṣé wọ́n ń fúnni lówó níbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bá a ṣe ń sún mọ́ òkè ni òórùn bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé wa. Sọ́séèjì Lincolnshire tí wọ́n ń dín lórí iná, wáìnì pupa gbígbóná tí wọ́n da kànáfùrù àti sínámọ́ọ̀nù sí. Nígbà tó yá, mi ò gbọ́ ráhùnráhùn mọ́.

Nínú odi la ti bá ìyá àgbà òyìnbó kan tó ń ta fìlà àti ìbọ̀wọ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun. Ìbọ̀wọ́ tó wà lọ́wọ́ tirẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí: ó ti gé orí ìka gbogbo kúrò kó lè rí owó kà, ojú ìka rẹ̀ sì ti pọ́n bí òtútù ṣe ń mú un. Ó ní pọ́nùn 18 ni fìlà ọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi, tí Bàlógun lÉkòó ti kọ́ ní ọjà nínà, ní pọ́nùn 10 làwọn máa san. Mo fẹ́ wọlẹ̀. Màmá yẹn wojú wọn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n mú 15 wá. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nìyẹn, bí ẹni tó ti mọra tipẹ́. Ó sọ fún wa pé láti ìgbà tí ìgbà ooru wọn bá ti parí lòun ti ń hun ọjà ọjọ́ mẹ́rin yìí, àti pé ohun tí òun bá pa níbẹ̀ ló ń gbé òun dé Àjíǹde. Ẹ̀gbọ́n mi gbàdúrà fún un ní Yorùbá, wọ́n ní ajé á wọgbá. Ó ṣe àmín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀.

Mi ò ní fi ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn pa mọ́ fún yín.

A jáde sí Bailgate. Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí gbogbo èèyàn máa gbà, kò sí pé o fẹ́ padà sẹ́yìn. Kò pẹ́ tí a kò fi rìn mọ́, àwọn tó wà lẹ́yìn ló ń gbé wa lọ. Mo gbé ọmọ sí èjìká. Bàtà rẹ̀ ọ̀tún já bọ́, mo rí i tó bọ́, n kò sì lè bẹ̀rẹ̀ mú un, torí kò sí àyè tí èèyàn fi lè tẹ orúnkún. Ọkùnrin kan níwájú wa ń pariwo pé kí wọ́n má tì í, àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́ ọ, orin Kérésì ló ń dún. Mo wojú ẹ̀gbọ́n mi, mo rí i pé wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́ rárá, wọ́n kàn di apá mi mú. Oṣù kan ààbọ̀ kò tíì pé sígbà yẹn tí èrò tẹ èèyàn tó lé ní 150 pa ní Itaewon ní Seoul, olú ìlú Kòríà Gúúsù, ní ọ̀nà tóóró kan tó da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bíi ti ọ̀dọ̀ wa yìí, gbogbo wa la sì ti wo fídíò rẹ̀. Òun ló wá sí mi lọ́kàn. Ọ̀dọ̀ àwọn tó wọ aṣọ yẹ́lò, àwọn tó ń darí èrò, la rí àyè yà sí. Wọ́n sún irin kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ní kí àwọn tó gbé ọmọ dání bọ́ síbẹ̀. A bá ọ̀nà ẹ̀yìn lọ títí a fi dé Newport Arch, ẹnu ọ̀nà tí àwọn ará Róòmù kọ́ tí mọ́tò ṣì ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ la ti mí.

Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé mi ò mọ̀ pé ewu wà. Mo mọ̀. Ọmọ wà léjìká mi.

Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2023, káńsù ní ó tán. Wọ́n ní èèyàn bíi 320,000 ló wá láàrin ọjọ́ mẹ́rin yẹn, sínú ìlú tí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju 100,000 lọ. Wọ́n ní orí òkè kò gba èrò bẹ́ẹ̀, kò sì síbi tí wọ́n lè fẹ̀ ẹ́ sí. Wọ́n ní àwọn á máa ṣe ayẹyẹ kéékèèké káàkiri ọdún dípò rẹ̀. Àwọn ará ìlú binú, àwọn kan tilẹ̀ jáde wọ́de, kò yí nǹkan kan padà.

Òótọ́ ni pé odi tí Wìllíàmù mọ kò ṣeé sún. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ńkọ́, ṣé òun náà kò ṣeé sún ni? Ọjọ́ mẹ́rin péré! Ẹ lọ wo Nuremberg ní Jámánì. Ìlú àtijọ́ ni òun náà, ojúde ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń ná tiwọn náà. Láti ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú Ádífẹ́ńtì ni wọ́n ti ń ṣí i, ó di ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá kí wọ́n tó pa á dé. Àwọn tó ń wá síbẹ̀ ń lọ sí mílíọ̀nù méjì, ṣùgbọ́n wọ́n rí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pín ara wọn sí. Ẹni tí kò ráyè wá lónìí á wá ní Túsìdeè tó ń bọ̀. Ní Lincoln, ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fún gbogbo ayé, wọ́n wá ń ya ẹnu pé gbogbo ayé dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fọjọ́ kún un. Ẹ kó ìdajì ìsọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìlú, létí omi Brayford, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. Ẹ ta tíkẹ́ẹ̀tì fún Sátidé. Àwọn tó ń gbé lókè yẹn tí wọ́n ń ráhùn pé àwọn ò ríbi gbé mọ́tò sí, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀. Ẹni tó bá lọ kọ́lé sójúde ọba ti mọ̀ pé ojú ọjà lòun wà.

Màmá onífìlà yẹn kò sì sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni. Ayẹyẹ kéékèèké ò lè ra fìlà tí èèyàn ti ń hun láti ìparí ìgbà ooru.

Ohun tó wá dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ bọ̀dá yìí ni "Tiwa ńkọ́?" yẹn. Gbogbo wa mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Ìbàdàn ni. Ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ní ilé ìwé Islamic High School ní Baṣọ̀run, níbi tí wọ́n ti fẹ́ ṣe ọdún fún àwọn ọmọdé, ọmọ 35 ni wọ́n tẹ̀ pa. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ lẹ́yìn ìyẹn, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Òkíjà, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Àbújá, níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ. Ẹ má gbé àwọn ọmọ wọ̀nyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Lincoln kẹ́ ẹ fi yin òyìnbó. Àwọn tó wá sí Lincoln wá mu wáìnì, wọ́n wá ya fọ́tò, wọ́n jẹun kí wọ́n tó kúrò nílé. Àwọn ìyá tó gbé ọmọ jáde lóru ní Ìbàdàn gbọ́ pé wọ́n máa fún ọmọ lówó àti oúnjẹ, ní ọdún tí ìrẹsì ti di nǹkan tí èèyàn ń wò lókèèrè. Ebi ló kó wọn débẹ̀. Kò sí káńsù tó lè fagi lé ebi nínú ìpàdé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ béèrè "Tiwa ńkọ́?", ẹ lọ bi àwọn tó jẹ́ kí oúnjẹ di ohun tí ọmọdé ń tìtorí rẹ̀ kú.

Mo ti kọ èyí tán nígbà tí mo ka á fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Mo rò pé wọ́n á ní mo gbìyànjú. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Àbúrò, ìwọ lo gbé ọmọ mi léjìká. Ká ní èmi ni mo jókòó sí káńsù yẹn, èmi náà á tì í." Mo ní ẹ̀gbọ́n mi, kí wọ́n ṣáà fọjọ́ kún un. Wọ́n ní York ńkọ́, ìlú Gẹ̀ẹ́sì mìíràn tí ọjà Kérésì tiwọn ń lé lóṣù kan, ṣé mo ti gbìyànjú àtirìn níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé rí? Mo ti gbìyànjú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n ta tíkẹ́ẹ̀tì nígbà náà. Wọ́n ní ta ló máa dúró lẹ́sẹ̀ Steep Hill láti dá ẹni tó wọkọ̀ láti Birmingham padà, tòun tọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, àti pé ibi tí wọ́n bá ti ń dá èèyàn padà gan-an ni wọ́n ti máa ń tẹ èèyàn pa, ẹnu géètì ni ti Ìbàdàn náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ibẹ̀ la ṣì wà, èmi àti wọn. Mo ṣì fẹ́ kí wọ́n ṣí ọjà yẹn padà, màá sì fọwọ́ sí ìwé tí ẹnikẹ́ni bá gbé káàkiri lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní bí wọ́n bá ṣí i, àwọn á wá, àwọn á tún wá bá màmá onífìlà ná ọjà, ṣùgbọ́n ọmọ kò ní bá àwọn wá.